Ìforítì nínú Ìgbàgbọ́ àti Kíkọ Ẹ̀ṣẹ̀ Sílẹ̀: Ẹ̀kọ́ kan láti inú Ìgbésí-Ayé John Newton

Kíkà: Hébérù 12:1–4, Orin Dáfídì 19:12–13, Kólósè 4:14 pẹ̀lú 2 Tímótì 4:10, Lúùkù 19:1–10.



Nígbà tí olóòtú ní kí n kọ ẹ̀kọ́ Bíbélì ti sáà yìí, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni láti kọ̀wé nípa Démà, ẹni tí Pọ́ọ̀lù dárúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lúùkù nínú Ìwé Kólósè, tí ó sì wá ròyìn lẹ́yìn náà pé ó ti kọ òun sílẹ̀ nítorí ìfẹ́ ayé. Ẹ̀kọ́ Démà rọrùn láti kọ. Gbogbo wa ni a mọ Démà kan ní ìlú wa: ọkùnrin tí ó ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin rí, tí a kò tún fojú kàn ní ilé Ọlọ́run mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé ewu Démà kọ́ ni ó sún mọ́ èmi àti ẹ̀yin jù. Àwa kò ní í sá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ wa wà níbẹ̀, oúnjẹ wa wà níbẹ̀, orúkọ rere àwọn òbí wa sì wà níbẹ̀. Ewu tiwa ni pé kí a dúró títí dé òpin, kí a máa kọrin, kí a máa gbàdúrà, kí ẹ̀ṣẹ̀ kan sì bá wa dúró níbẹ̀ bí ẹni pé òun náà ti ṣe ìrìbọmi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́. Ẹni tí ó kọ Ìwé sí àwọn Hébérù kò kọ ọ́ sí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́. Ní orí kẹwàá ó rán wọn létí ọjọ́ àtijọ́, nígbà tí a kó wọn lẹ́rù, tí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, tí wọ́n sì fi ayọ̀ gba gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ti kọjá lọ. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọn kò sẹ́ Olúwa, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti rọ, eékún wọn sì ti di aláìlera. Irú àwọn ènìyàn báyìí ni ó mú lọ sí pápá ìje ní orí kejìlá. Ó fi àwọn ẹlẹ́rìí yí pápá náà ká, ó sì sọ fún wọn pé ohun méjì ni kí wọ́n bọ́ kúrò lára kí wọ́n tó lè sáré: ẹrù, àti ẹ̀ṣẹ̀.

A sábà máa ń ka méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹrù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ dandan. Agbádá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Aṣọ iyì ni. Síbẹ̀, bí ẹnì kan nínú wa bá wọ agbádá wá sí orí pápá ní ọjọ́ eré ìje, kò ní í tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí ó tó mọ̀ pé aṣọ iyì ti di ìdènà fún òun. Ẹni tí ó wọ ẹrù mọ̀ pé ẹrù wà lára òun. Ti ẹ̀ṣẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí òǹkọ̀wé náà fi ṣe àpèjúwe ẹ̀ṣẹ̀ níhìn-ín kò tún sí níbòmíràn nínú gbogbo Májẹ̀mú Titun, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ohun tí ó rọrùn fún láti dúró yí ènìyàn ká. Ohun tí ó bá sì yí ni ká ní ìhà gbogbo kì í rọrùn láti rí. Ẹni tí ó sùn, tí ó jí nínú yàrá eléèéfín kò mọ̀ pé èéfín wà lára aṣọ òun. Ẹni tí ó ti ìta wọlé ni yóò fi ọwọ́ bo imú.

Ọ̀rọ̀ kan kù kí a tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Bíbélì wa pe ohun tí a ó fi sáré ìje náà ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá bá wí pé kí ènìyàn ní sùúrù, ohun tí ó sábà ń wá sí wa lọ́kàn ni pé kí ó jókòó, kí ó máa retí. Àpapọ̀ ọ̀rọ̀ méjì ni ti Gíríìkì: “abẹ́” àti “dúró.” Ẹni tí ó ní i ni ẹni tí ó dúró lábẹ́ ohun tí a gbé lé e. Lójú tèmi, ìforítì ni ó bá a mu jù nínú èdè wa, nítorí ẹni tí ó forí ti nǹkan kò jókòó. Ó fi orí rẹ̀ gbé e dúró kí ó má baà wó. Nítorí náà ẹrù kan ń bẹ tí a gbọ́dọ̀ sọ̀, òmíràn sì ń bẹ tí a kò gbọdọ̀ sọ̀, a sì máa ń ṣi ọ̀kan gbé ní ipò èkejì.

Ẹnì kan tí ìgbésí-ayé rẹ̀ là mí lójú sí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni John Newton. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n nípa orin rẹ̀ nìkan. Ìtàn rẹ̀ tí a ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í sì í gùn: oníṣòwò ẹrú ni, ìjì dé, ó ronú pìwà dà, ó di àlùfáà. Bí a ti ń sọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

A bí i ní Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1725. Ìyá rẹ̀ jẹ́ olùfọkànsìn, ó sì kọ́ ọ ní Ìwé Mímọ́ láti kékeré, ṣùgbọ́n ó kú kí ọmọ náà tó pé ọdún méje. Ọ̀gá ọkọ̀ òkun ni bàbá rẹ̀, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rìn lójú omi nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní ọdún 1744 a fi ipá mú un wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ọba. Ó sá, a mú un padà, a sì nà án. Kò pẹ́ tí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ òwò ẹrú, ó sì dúró ní etí òkun Sàró lọ́dọ̀ òyìnbó kan tí ó ń ṣòwò ẹrú ní àwọn erékùṣù Plantain. Ìyàwó òyìnbó náà, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Nígbà tí àìsàn dá Newton dùbúlẹ̀, kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Ebi sì pa á débi tí ó fi ń yọ́ lọ sí oko ní òru láti hú gbòǹgbò jẹ ní tútù. Nínú ìtàn tí ó kọ nípa ara rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé àwọn ẹrú tí wọ́n wà nínú ẹ̀wọ̀n a máa yọ́ gbé oúnjẹ wá fún òun láti inú ìwọ̀nba kékeré tí a ń fún wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1748, bí ó ti ń padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Greyhound, ìjì líle dé ní òru, omi sì fọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó di ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú okùn, ó ń gbọ́n omi. Láàárín iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ nípa àánú Ọlọ́run bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ó sì ya òun tìkára rẹ̀ lẹ́nu, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́yà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Ireland, oúnjẹ wọn sì ti tán. Láti ìgbà náà ni ó ti jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ èébú àti ìbúra tí ó ti di bárakú fún un. Títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó ń rántí ọjọ́ ìjì náà lọ́dọọdún pẹ̀lú ọpẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni a ń kọ́, ibí ni à bá ti pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ọmọdé ti ń dìde lọ ni ẹ̀kọ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún kan náà, Newton tún wọ ọkọ̀ òwò ẹrú gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá ọkọ̀. Nígbà tí ó fi dé etí òkun Áfíríkà, ìtara rẹ̀ ti tutù. Ó padà sínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́. Ibà kọlù ú ní erékùṣù Plantain níbi tí ebi ti pa á rí, ó sì wọ́ lọ sí ìkọ̀kọ̀ kan, ó tún fi ara rẹ̀ lé Olúwa lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí Ọlọ́run yọ ọ́ nínú òkun ni èyí. Mo rò pé púpọ̀ nínú wa ni ẹ̀rù máa ń bà nígbà tí a bá ṣubú kété lẹ́yìn ìpàdé ìsọjí, tí a sì ń wí nínú ara wa pé bóyá ìgbàgbọ́ wa kì í ṣe òtítọ́. Ti Newton jẹ́ òtítọ́, ó sì ṣubú.

Láti 1750 sí 1754 ó di ọ̀gá ọkọ̀, ó sì rin ìrìn-àjò mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ẹrú. N kò fẹ́ kí a yára kọjá níhìn-ín. Ọkùnrin tí àwọn ẹrú bọ́ ní nǹkan bí ọdún 1746 padà sí etí òkun kan náà pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ó sì ra àwọn ènìyàn wọn, ó tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi ó ń kó àwọn atukọ̀ jọ fún ìsìn. Ó ń ka Bíbélì rẹ̀, ó sì ń kọ́ èdè Látìn nínú yàrá rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1752, nígbà tí ó fura pé àwọn ẹrú fẹ́ ṣọ̀tẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé òun ti fi irin tí a fi ń fún àtàǹpàkò sí ọwọ́ àwọn ọmọdékùnrin kan kí wọ́n lè jẹ́wọ́. Ọwọ́ tí ó kọ àdúrà ni ó kọ èyí. Ó sì tún ròyìn lẹ́yìn náà pé òun kò mọ ìgbà tí ìdàpọ̀ òun pẹ̀lú Ọlọ́run dùn tó ti àwọn ìrìn-àjò ìkẹyìn wọ̀nyẹn.

N kò gbà pé irọ́ ni ó ń pa. Ì bá rọrùn bí ó bá jẹ́ àgàbàgebè, nítorí à bá lè fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó mú ẹ̀rù bà mí ni pé ó lè jẹ́ òtítọ́: pé ènìyàn lè kúnlẹ̀ ní òtítọ́ ọkàn, kí Ọlọ́run sì gbọ́ ọ nínú àánú rẹ̀, kí àwọn ọmọ ènìyàn sì wà nínú ẹ̀wọ̀n lábẹ́ pákó tí ó fi eékún lé. Dáfídì mọ irú rẹ̀ nígbà tí ó bẹ Olúwa kí ó wẹ òun mọ́ kúrò nínú ìṣìṣe tí ó pamọ́. Àwa máa ń rò pé èyí tí a fi pamọ́ fún aládùúgbò ni ó ń wí. Èyí tí ó pamọ́ fún ẹlẹ́ṣẹ̀ tìkára rẹ̀ ni.

Kí ni ó sì bò ó mọ́lẹ̀? Newton tìkára rẹ̀ fi ìdí rẹ̀ hàn. Ó wí pé òun ka iṣẹ́ náà sí ipò tí ìpèsè Ọlọ́run là sílẹ̀ fún òun. Òfin ilẹ̀ rẹ̀ fi àyè gbà á. Àwọn ọlọ́rọ̀ Liverpool tí wọ́n ní ọkọ̀ jẹ́ ọlọ́lá láàárín ìlú àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni pé iṣẹ́ náà mú un dà bí onítúbú, nítorí ìgbà gbogbo ni ó ń rí ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo. Ó sì ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fún òun ní iṣẹ́ mìíràn tí ó tuni lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan.

Ọlọ́run dá a lóhùn ní oṣù kọkànlá ọdún 1754. Ó ku ọjọ́ méjì kí ó ṣíkọ̀. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń mu tíì, àìsàn òjijì sì gbé e ṣubú. Ó jọ̀wọ́ ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe ẹ̀rí-ọkàn ni ó mú un kúrò nínú òwò ẹrú; àìsàn ni.

Lẹ́yìn èyí ó di oníbodè ní èbúté Liverpool. Ní ọdún 1764 a yà á sí ipò àlùfáà, a sì rán an sí ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Olney. Ní ọdún náà gan-an ni ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ jáde ní títẹ̀. Ẹni tí ó bá wá ìrònúpìwàdà nítorí òwò ẹrú nínú ìwé náà kò ní í rí i. Ìrònúpìwàdà nítorí èébú wà níbẹ̀, nítorí àìgbàgbọ́ wà níbẹ̀. Ti òwò náà, ìròyìn pé kò dùn mọ́ ọn nínú nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń wàásù, tí ó ń bẹ àwọn tálákà Olney wò, tí ó sì ń kọ orin. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1780. Ní ìparí ọdún 1785, ọ̀dọ́mọkùnrin aṣòfin kan, William Wilberforce, yọ́ wá bá a fún ìmọ̀ràn, ó ń rò pé bóyá kí òun fi ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sílẹ̀ kí òun lè sin Ọlọ́run. Newton gbà á níyànjú pé kí ó dúró sí ibi tí ó wà.

Ọdún 1788 ni ó tó la ẹnu rẹ̀. Ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí òwò ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà. Níbẹ̀ ni ó ti sọ bí a ṣe ń to àwọn ènìyàn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, bí a ṣe ń nà wọ́n, bí ikú ṣe ń pa wọ́n. Ó sì jẹ́wọ́ pé òun tìkára òun ni ó ṣe é, pé ìjẹ́wọ́ òun ti pẹ́ jù, àti pé ìtìjú rẹ̀ kò ní í kúrò lọ́kàn òun. Ó tún lọ dúró níwájú àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba láti jẹ́rìí. Ọkùnrin tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, àlùfáà ọlọ́lá ní àárín Lọ́ńdọ̀n. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Láti ọjọ́ ìjì títí di ìjẹ́wọ́ yìí jẹ́ ogójì ọdún gééré.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ìkàwé Bíbélì wa bi mí pé, “Ogójì ọdún! Ìforítì wo ni ó wà nínú ìyẹn? Ṣé kì í ṣe ìfàsẹ́yìn ni?” Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì fẹ́ gbèjà Newton jù bí ó ti gbèjà ara rẹ̀ lọ. Àwọn tí a kó kọjá òkun ní àárín ogójì ọdún náà kò lè dúró de ẹ̀rí-ọkàn àlùfáà kan. Ẹlòmíràn sì ti rí i ṣáájú rẹ̀: àwọn ará Quaker ti ń sọ̀rọ̀ lòdì sí òwò náà tipẹ́, John Wesley sì ti tẹ ìwé tirẹ̀ jáde lórí oko-ẹrú ní ọdún 1774. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, a gbọ́dọ̀ sọ fún un. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ ni Ọlọ́run lò láti la ojú Newton. Ohun tí mo rí gẹ́gẹ́ bí ìforítì ni pé kò kúrò lábẹ́ Ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá ti sinmi lé ayọ̀ ọdún 1748 nìkan, ì bá kú gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọkọ̀ tí kì í búra mọ́. Ó dúró, ó ń ka Ìwé, ó ń wàásù ìdájọ́ àti àánú fún ẹlòmíràn, títí Ìwé kan náà fi yí padà kọjú sí i. Nígbà tí ó sì kọjú sí i, kò wí pé ọ̀rọ̀ náà ti di àtijọ́.

Mo rò pé ohun tí òǹkọ̀wé Hébérù ní lọ́kàn nìyí nígbà tí ó ní kí a tẹjú mọ́ Jésù bí a ti ń sáré. Ẹni tí ó bá ń wo ara rẹ̀ nìkan yóò rí kìkì ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Sákéù kò ka iye owó tí ó fi èrú gbà kí Olúwa tó wọ ilé rẹ̀. Nígbà tí Olúwa wọlé ni ó dìde, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tí yóò san padà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Newton wà nínú àwọn àlùfáà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kékeré kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1783. Láti inú ìjíròrò ẹgbẹ́ náà ni a ti dá CMS sílẹ̀ ní ọdún 1799. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1807, òfin tí ó fi òpin sí òwò ẹrú láàárín àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di fífọwọ́sí. Newton kú ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Nígbà tí a kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á kúrò nínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822, tí ó sì gbé e lọ sí Sàró, ní etí òkun tí Newton ti ń ra ènìyàn. Ibẹ̀ ni a ti rì í bọmi ní 1825, tí ó di Samuel Crowther.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ kọ́ nìyí. Ibi tí mo ń lọ ni Abẹ́òkúta. Àwọn ará wa tí wọ́n ti Sàró padà wálé jẹ́ ẹni tí a ti gbà lọ́wọ́ ẹrú, tàbí ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ Olúwa, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn kan nínú wọn ní ẹrú nínú ilé, wọ́n sì ń gba ìwọ̀fà. Bí òbí bá yá owó, yóò fi ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ ọmọ náà ni èlé, kì í sì í dín gbèsè náà kù, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, títí a ó fi san owó náà pé. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, òtítọ́ sì ni. Ẹnu àwọn Kristẹni ìgbà náà náà kò sì ṣe aláìní ìdáhùn: àṣà ilẹ̀ wa ni, a kì í fi ìyà jẹ wọn, ilé wa ni wọ́n ti ń gbọ́ ìhìnrere. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pàápàá wà nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí 1879 sí 1880 ni CMS fi àṣẹ le e pé kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan má ṣe ní ẹrú mọ́. Àlùfáà James Johnson, tí ó ń bójú tó iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta nígbà náà, fi ìtara gbé ọ̀rọ̀ náà. Inú bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sí i, a sì mú un kúrò níbẹ̀ ní 1880. Ọmọ ẹni tí a gbà sílẹ̀ kò rí ẹ̀wọ̀n tí ó wà ní àgbàlá òun.

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tí ó wà ní àgbàlá tèmi. Mo ṣàkíyèsí pé a kì í wá irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí láàárín ohun tí a ń ṣe ní òkùnkùn. Inú ohun tí a jọ ń ṣe ní ọ̀sán gangan, tí a sì ń fi rẹ́rìn-ín, ni ó wà, àwa Yorùbá sì mọ bí a ti ń fún un ní orúkọ pẹ̀lẹ́. A pe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní owó kólà. A pe jíjí ìwé wò nínú ìdánwò ní ìrànlọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún mi bí mo bá sọ ti ara mi. Nígbà tí a pín wa káàkiri láti lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní í dárúkọ ni a rán mi lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a sì fi kíláàsì kẹrin lé mi lọ́wọ́. Ẹ mọ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwa mẹ́ta tí a jọ lọ a máa jókòó pọ̀ láti kọ ọ́, a óò sì kọ ohun tí ó yẹ kí a ti kọ́ àwọn ọmọ, yálà a kọ́ wọn tàbí a kò kọ́ wọn. A ń pe èyí ní “dídí àlàfo.” Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin òjò rọ̀ ní ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta mo lọ wo bọ́ọ̀lù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti kọ́ wọn ní ìròpọ̀ ìdá.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà wọlé, ó ṣí ìwé mi, ó sì fún àwọn ọmọ ní ìṣirò mẹ́rin nínú ìròpọ̀ ìdá. Kò sí ẹni tí ó gba ju ẹyọ kan lọ. Ó nà àwọn méje tí wọn kò gba ọ̀kan rárá. Mo dúró ti fèrèsé. Nígbà tí ó ń jáde, ó wí fún mi kí n má ṣe bọkàn jẹ́, pé ẹ̀bi mi kọ́, àwọn ọmọ náà ni ó ya ọ̀lẹ. Èmi ni mo darí àdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì rántí pé ohunkóhun dí mi lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní alẹ́, ọ̀kan nínú wọn wí pé, “Ta ni kì í ṣe é?”

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo ka ìtàn Newton dé ibi tí àwọn ẹrú ti ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún un. Nínú àwọn méje tí a nà, ọmọdébìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ ń fi àkàrà ránṣẹ́ sí mi ní òwúrọ̀ nítorí pé mo jẹ́ àlejò.

N kò lè sọ fún yín pé mo dìde ní kíá bíi Sákéù. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń bá ara mi jiyàn. Mo ń ro ìwé-ẹ̀rí mi, mo ń ro ojú àwọn olùkọ́ mi, àwọn tí wọn yóò ka èyí nísinsìnyí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan mo lọ bá ọ̀gá náà ní ilé rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní kí n bá òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó mú ìwé náà jáde nínú àpótí, ó fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí orí ohun tí mo kọ, ó sì ní kí n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo lè padà wá ní Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, kí òun ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ.

Mo padà lọ. Wọ́n wá, bí kò tilẹ̀ jẹ́ gbogbo wọn. Kí n tó mú ṣọ́ọ̀kì, mo sọ fún wọn ìdí tí wọn kò fi mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí a nà wọ́n, mo sì tọrọ àforíjì. Wọn kò mọ ohun tí wọn ì bá fi dáhùn. A kò kọ́ ọmọ Yorùbá bí a ti ń gba ẹ̀bẹ̀ olùkọ́. A ṣe ìròpọ̀ ìdá fún wákàtí méjì. Ọmọdébìnrin alákàrà náà jókòó sí iwájú, ó sì gba gbogbo rẹ̀. Àwọn méjì nínú àwọn méje náà ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn pẹ̀lú àwọn òbí wọn, n kò sì tí ì rí wọn.